Ọmọ Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Tí Kì í Jẹ̀fọ́

“Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ní...”

“Nọ́ọ̀sì èwo?”

“Èyí tó ń wọn àwọn ọmọ nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá lè jẹ ẹ̀fọ́ lójú rẹ̀... Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o.”

“Ọmọ tí kò bá lè jẹ ẹ̀fọ́, kí ni wọ́n máa fi ṣe?”

“Ọkọ̀ funfun ń bọ̀ lónìí. Ẹ ṣáà jẹ́ ká fi ibẹ̀ mọ́.”

Ibẹ̀ náà ni wọ́n fi mọ́. Nílé ẹ̀rọ ìlọgbàdo ní abúlé Chuanimá, kò sí obìnrin tó jẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ tán, nítorí ẹni tó bá béèrè tán ti jẹ́wọ́ pé òun kò gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Kálukú gbé abọ́ àgbàdo lílọ̀ rẹ̀ karí, ó mú ìdajì ọ̀rọ̀ dání, ó sì ń fi tirẹ̀ kún un bó ṣe ń gun òkè lọ sílé. Nígbà tí oòrùn fi máa yọ lẹ́yìn òkè oníná, ọ̀rọ̀ ti gún régé: ọmọ tí kò bá jẹ ẹ̀fọ́ níwájú nọ́ọ̀sì, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ funfun, ó di ìlú ńlá, ó di ilé tí wọ́n ti ń fi rọ́bà gba ihò imú bọ́ ọmọ, ìyá rẹ̀ kò sì ní í fojú kàn án mọ́ àfi bí ìjọba bá fẹ́.

Glendy gbọ́ ọ, abọ́ orí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ já bọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Eliseo ọkọ rẹ̀ bí. Dailin lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, tí wọ́n so okùn pupa mọ́ lọ́wọ́ nítorí ojú ayé. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló tíì mọ̀ ọ́n sọ. Èkíní ni “màmá.” Èkejì ni “ó tì,” ìdí kárọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ nígbà Kérésìmesì ló sì ti kọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti gbà pé ọmọ náà kì í jẹ ẹ̀fọ́, wọn kò sì yọ ọ́ lẹ́nu mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ niṣẹ́ Chuanimá. Láti ìdí òkè títí dé ibi tí kùrukùru ń sùn sí, brókólì ni, ẹ̀wà eléèpo tútù ni, kárọ́ọ̀tì tó tín-ín-rín bí ìka ọwọ́ ni. Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ ń wá kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń tì wọ́n mọ́ inú yìnyín, ó di òkè òkun, ó di ẹnu àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni ní Chuanimá kò rí rí, tí wọ́n kàn gbọ́ pé wọ́n ń jẹ ẹ́ ní tútù bí ehoro. Ohun tí àwọn ọmọ Chuanimá fúnra wọn ń jẹ ni àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní tọ́tíyà, kọfí oníṣúgà nínú ìgò fídà, núdùlù, àti ìpékeré àgbàdo inú ọ̀rá, aláta pupa, tí wọ́n ń so kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ẹni so ìlẹ̀kẹ̀. Ní ti ọ̀dú àti tẹ̀tẹ̀, àwọn yẹn ń lalẹ̀ hù fúnra wọn láàárín ebè brókólì. Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa; òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà tu, tí wọ́n ń dà sí ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ Chuanimá sanra.

Kí Glendy tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ìyá ọkọ rẹ̀, Nan Tomasa, ti jókòó ti ààrò, ó ń fẹ́ná, ojú rẹ̀ le. Nan ni wọ́n ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀, ṣùgbọ́n lára Tomasa, orúkọ náà dà bí ọ̀pá tí èèyàn mú lọ́wọ́.

“Ìyàwó, o ti gbọ́?”

“Mo gbọ́, Ìyá.”

“Ẹni tó bímọ tí kò kọ́ ọ ní jíjẹ, ará ìta ní í bá a kọ́ ọ.”

Glendy sọ abọ́ kalẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó di ìgò kọfí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tó ń fa ọmú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó rántí pé lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n wọn àwọn ọmọ, òun wà lóko, òun ń gé brókólì. Ìyá àgbà ló pọn Dailin lọ. Ó béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí ni nọ́ọ̀sì sọ gan-an lọ́jọ́ náà.

“Kí ló fẹ́ sọ?” ni Nan Tomasa dáhùn. “Wọ́n so ó kọ́ òṣùwọ̀n bí ẹni so ẹran kọ́, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé. Nọ́ọ̀sì ń sọ Sípáníìṣì, Basilia ń túmọ̀ ọ. Èrò pọ̀, a ṣàwàdà díẹ̀, mo pọn ọmọ mi wálé. Bí wọ́n bá ti pinnu pé àwọn ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ, ṣé etí mi ni wọ́n máa sọ ọ́ sí?”

Nan Tomasa ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó sì pàṣẹ pé kí oòrùn tó kan àtàrí, ọmọ yìí gbọ́dọ̀ ti mọ ẹ̀fọ́ jẹ.

Glendy ní kí òun lọ já ọ̀dú lẹ́yìnkùlé. Ọbẹ̀ ọ̀dú ni ìyá tirẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà ní abúlé kejì, ó sì mọ̀ ọ́n sè. Nan Tomasa wò ó bí ẹni tó ní kí àwọn lọ yá aṣọ lọ́wọ́ alágbe. Ó bi í bóyá ó fẹ́ kí nọ́ọ̀sì ṣí ìkòkò ilé àwọn, kó bá oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀, kó wá fi ìyẹn rojọ́ mọ́ wọn. Ẹ̀fọ́ tí àwọn òyìnbó ń jẹ ni ọmọ òun máa jẹ. Kí nọ́ọ̀sì rí i, kó pa ìwé rẹ̀ dé, kó máa lọ.

Ó jáde sí àgbàlá, níbi tí Eliseo ti ń to brókólì sínú àpótí fún ọkọ̀ ọ̀sán, ó sì mú orí méjì tó tóbi jù lọ kúrò lókè.

“Màmá, àpótí yẹn ti pé. Bí wọ́n bá rí àlàfo nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa dá padà.”

“Bí wọ́n bá rí àlàfo lẹ́yìn ìyàwó ẹ ńkọ́?”

Eliseo yíjú padà sí àpótí rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àgàgà bí ìyá rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Glendy jáde wá bá a, ó rọra bi í pé ìgbà wo ló fín àwọn brókólì yẹn lóògùn kẹ́yìn. Eliseo wo àpótí, ó wo òkè, ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà fi omi ṣàn án dáadáa. Glendy dúró kó wá sọ iye ọjọ́. Kò sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún èyí tó kù tò, ó ń dọ́gbọ́n fi ewé dí àlàfo náà, nítorí àwọn tó máa jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún.

Glendy fọ brókólì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tún wo ọmọ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di họ́ùhọ́ù ni pé kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọdún kejìlá rèé tí ilé náà ti ń gbìn ín. Eliseo lè wo ewé rẹ̀ lásán kó sọ irú kòkòrò tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nan Tomasa lè fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ kan kó sọ bó ṣe wúwo tó láìjẹ pé ó ṣìṣe. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n fi ahọ́n dá a mọ̀, kò sí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Imelda, aládùúgbò wọn, ti yọjú lókè ọgbà. Òun ló gbé Dailin lọ́wọ́ níbi ìsàmì rẹ̀, nítorí náà komádíre ni òun àti Glendy ń pe ara wọn, kò sì sí ọ̀rọ̀ ilé náà tí kì í dá sí. Ó ní òun gbọ́ pé sísun ni wọ́n ń sun ún bí àgbàdo. Glendy ní òun rí àwòrán rẹ̀ lára ògiri ilé-iṣẹ́, wàràkàṣì ló wà lórí rẹ̀. Eliseo ké láti ìta pé òun kò rò pé wọ́n ń sè é rárá.

“Ọ̀rọ̀ kékeré lẹ sọ di ńlá yìí,” ni Nan Tomasa wí. “Ohun gbogbo tó bá le, ẹfun ló ń rọ̀ ọ́.”

Bó ṣe bu ẹfun tí wọ́n fi ń bó èèpo àgbàdo nìyẹn, ẹ̀kún ọwọ́ kan, ó dà á sórí brókólì bí ẹni tó ń se àgbàdo tọ́tíyà, ó bomi lé e, ó da igi sí i nídìí, ó sì fi í sílẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí àgbàdo máa ń lò lórí iná.

Ohun tó jáde nínú ìkòkò náà, àwọ̀ rẹ̀ rẹwà. Ó tutù yọ̀yọ̀ ju bó ṣe wà lóko lọ, ó ń dán bí ìyẹ́ odídẹrẹ́. Imelda wọlé wá wò ó, ó ní bí ohun tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ló rí, inú Nan Tomasa sì dùn díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi ṣíbí kàn án, ó yọ̀ gọ́rọ́gọ́rọ́, ó di ẹrẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba ilé kan. Ajá tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn dìde, ó lọ jókòó síbòmíràn.

Wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀ níwájú Dailin. Àgbà mẹ́ta dúró yí ọmọ kan ká. Dailin wo abọ́, ó wo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú ìgò kúrò lẹ́nu.

“Ó tì,” ló wí.

Wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Glendy ní kó jẹ ẹyọ kan fún màmá, ẹyọ kan fún bàbá. Nan Tomasa ní kó jẹ ẹyọ kan fún Màríà Wúńdíá. Imelda fi ṣíbí ṣe ọkọ̀ òfúrufú, ọkọ̀ náà yí orí ọmọ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ríbi balẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n sọ fún un pé ọkọ̀ funfun ń bọ̀. Dailin, tó fẹ́ràn ọkọ̀, ń wo ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́, Imelda mú ìpékeré aláta pupa jáde láti inú àpò rẹ̀, ó fọ́ ọ sórí ẹrẹ̀ aláwọ̀ ewé náà. Dailin la ẹnu. Gbogbo ilé na ọrùn. Ọmọ náà fi ahọ́n ṣa ìpékeré tán lọ́kọ̀ọ̀kan, tinútinú, ó fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, ó sì na abọ́ sí Imelda kó tún fi kún un.

Eliseo ti wọlé lákòókò yìí láti wá jẹun. Núdùlù ló ń jẹ. Àlùbọ́sà eléwé díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń fi ṣíbí ṣà á lọ sí etí abọ́ ní ẹyọ ẹyọ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹnu kan náà pàṣẹ fún ọmọ pé kó jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀, kí òun má baà bínú.

“Kompádíre,” ni Imelda wí, “ẹ̀yin náà ẹ tọ́ ọ wò díẹ̀ kó rí yín.”

“Èmi? Ọkùnrin tó ti wà lóko láti òru?”

Gbogbo wọn ń wò ó. Ó bu ìwọ̀n orí ìka kan, ó fi sẹ́nu. Kò sí bí ó ṣe lè fi ojú rẹ̀ pamọ́. Ojú náà fún, ó tú, ó tún fún. Imú rẹ̀ gun òkè. Ọ̀fun rẹ̀ lọ, ó bọ̀. Ó ní ó dára. Dailin wò ó títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò tíì rín bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó tọ́ka sí bàbá rẹ̀ pé kó tún ṣe é.

Nan Tomasa ní àwàdà tó. Ó ní ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀ kó jẹun ni àwọn òbí rẹ̀ yóò máa bẹ̀ dọjọ́ ogbó wọn. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ Dailin sí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì ṣe abọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó fi ìka méjì di imú rẹ̀, ó sì ní kí Glendy máa dà á sí i lẹ́nu. Glendy bu ẹrẹ̀ náà. Ó da ṣíbí kan. Ọmọ ń ta ẹsẹ̀, ó ń ké, ọ̀fun rẹ̀ ń hó gùgù. Ó da èkejì. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, Glendy gbé ṣíbí dúró lójú afẹ́fẹ́, kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

“Dà á, ìyàwó. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ ni?”

Ṣùgbọ́n Dailin kò dúró de ẹ̀kẹta. Ó dá èkíní àti èkejì padà pẹ̀lú kọfí àárọ̀, sí àyà aṣọ híhun tí Nan Tomasa wọ̀ nítorí nọ́ọ̀sì.

Nan Tomasa lọ pààrọ̀ aṣọ. Ohùn rẹ̀ ń wá láti inú yàrá pé ọmú ìyá rẹ̀ ni kò lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, pé àwọn obìnrin kan ló lọ rojọ́ ọmọ òun fún nọ́ọ̀sì, òun á sì mọ̀ wọ́n. Eliseo jáde lọ sábẹ́ igi.

Imelda fà mọ́ Glendy, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Élder ọmọ òun, òun náà kò tíì pé ọdún méjì, kò sì sí ohun tí kì í jẹ. Ó jẹ ọṣẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nọ́ọ̀sì kò mọ ojú wọn. Kí wọ́n gbé Élder jókòó síbí, kí wọ́n fún un ní ẹrẹ̀ yẹn, kí ọ̀ràn tán.

“Ọkùnrin ni Élder, komádíre.”

“Wọ́n á tú u wò ni? Fi gèlè wé e lórí.”

Glendy rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di omijé kó tó parí. Imelda fọwọ́ nù ún lójú, ó lọ sílé láti lọ wo ohun tí Élder ń jẹ.

Nígbà tó ku Glendy nìkan nídìí ààrò, ó wá mọ̀ pé ebi ń pa òun. Kò tíì fẹnu kan nǹkan láti ìdájí. Ojú tì í: ìyá tí wọ́n ń bọ̀ wá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ikùn rẹ̀ ṣì ń bèèrè oúnjẹ. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó já ọ̀dú ní ẹ̀kún ọwọ́ méjì kí ẹlẹ́dẹ̀ tó dé ibẹ̀, ó fi tòmátì kan àti àlùbọ́sà kan sè é pẹ̀lú iyọ̀, omi rẹ̀ ṣàn bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sè é. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀, ó fẹ́ bu ṣíbí àkọ́kọ́, ló gbọ́ fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ kọ́. Fèrè tiẹ̀ nípọn. Èyí tín-ín-rín.

Ìlú tú. Láti ẹnu ilẹ̀kùn, Glendy rí àwọn ìyá tí wọ́n ń sáré gba ààlà oko gòkè, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lábíyá, wọ́n ń wọnú àgbàdo gíga lọ bí ẹni omi gbé, àgbàdo ń pa dé mọ́ wọn lẹ́yìn. Imelda náà kọjá fìrì, Élder lẹ́yìn rẹ̀, Élder tó ń jẹ ohun gbogbo. Glendy fa ìborùn, ó pọn Dailin, ó so ó le débi pé ọmọ náà kùn. Nan Tomasa kọ̀ fún un láti jáde. Ó ní ẹni tó bá sá ti jẹ̀bi. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ìtì igi dí i. Eliseo, tó ti sáré wọlé, mú ọkọ́ lọ́wọ́, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò jọ pé ó mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe; ọwọ́ rẹ̀ kàn ń wá nǹkan tó mọ̀ ni.

Wọ́n dúró. Ó pẹ́. Ẹsẹ̀ ẹnìkan ń bọ̀ lójú ọ̀nà olókùúta, kò yára.

“Ẹ̀yin onílé. Èmi ni, Basilia.”

“Ìwọ àti ta ni?” ni Nan Tomasa béèrè.

“Èmi àti àárẹ̀. Nan Tomasa, ẹ ṣílẹ̀kùn, oòrùn ń pa mí.”

Wọ́n ṣí i díẹ̀. Basilia nìkan ni lóòótọ́, obìnrin àádọ́ta ọdún, ẹni tó ń túmọ̀ èdè fún nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbé ọ̀rọ̀ láti etí kan dé èkejì lọ, ohun tó sì jẹ́ kó pẹ́ nídìí rẹ̀ ni pé kì í fi iyọ̀ tirẹ̀ sí ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Ó wọlé, ó wo ìtì igi, ó wo ọkọ́ ọwọ́ Eliseo. Ó jókòó. Ó ní òun ti wọ gbogbo ilé láti ìsàlẹ̀ wá, ọmọ kan ṣoṣo òun kò rí, pé bóyá wọ́n ń ṣe ọdún níbì kan tí òun kò gbọ́.

Nan Tomasa rò pé ẹni tó bá ti jẹ iyọ̀ ilé kò ní í ta ilé. Ó ní kí Glendy wá nǹkan fún àlejò kíákíá. Glendy wo ìkòkò ẹlẹ́fun, ó wo abọ́ núdùlù tó ti ṣófo. Kò sí nǹkan mìíràn. Ó bu ọ̀dú, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú tọ́tíyà méjì, Nan Tomasa sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n tú aṣọ rẹ̀ lójú ọjà.

Basilia rí ọbẹ̀ náà, ojú rẹ̀ là. Ó ní ta ló ṣì ń se èyí ní Chuanimá. Ó ya tọ́tíyà, ó fi ká ewé náà jáde, ó jẹ, ó gbé abọ́, ó mu omi rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Ó kàn ń jẹun bí ẹni tí ebi ń pa.

Dailin ń jà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Glendy tú u sílẹ̀. Ọmọ náà rìn tẹ̀tẹ̀ lọ síbi tí Basilia jókòó sí, ó gbé ọwọ́ lé itan rẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Basilia kò wò ó. Ó ń bi Glendy léèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe wà ní abúlé kejì, ó sì fi ìka mú ewé kan lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀. Dailin gbà á. Ó jẹ ẹ́. Ó la ẹnu.

Eliseo sọ ọkọ́ kalẹ̀ kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀. Ọmọ jẹ èkejì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọnú abọ́ mú ẹ̀kẹta, omi ọbẹ̀ ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Glendy fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ̀rọ̀, nǹkan náà á fò lọ.

Nan Tomasa ló kọ́kọ́ rí ohùn.

“O rí i, Basilia? O fojú ara rẹ rí i. Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ́ ọ. Lọ sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn pé ọmọ mi ń jẹ ẹ̀fọ́, kó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Kò rí ọmọ gbé níbí.”

Basilia dá jíjẹ dúró. “Gbé lọ síbo?”

“Má dọ́gbọ́n sí mi. Gbogbo ìlú ló gbọ́.”

“Nan Tomasa, ìyẹ̀fun oúnjẹ ọmọ ló kún inú ọkọ̀ yẹn. Láti ìgbà tí a ti dé ni nọ́ọ̀sì ti jókòó sínú rẹ̀, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀, kò rí ẹni tó máa gbà á. Ta ló ní wọ́n fẹ́ gbé ọmọ?”

“Òun náà ni. Nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ Ajé, níbi òṣùwọ̀n.” Ohùn rẹ̀ ti ga, ó ń nàka sí Glendy, ó ń nàka sí ọgbà Imelda. “Àwọn tó gbọ́ ọ ló sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì ń purọ́, ìwọ lo wà láàárín, ìwọ lo túmọ̀ ọ. Sọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ lójú ìyàwó mi àti lójú ọmọ mi. Má yọ ọ̀kan, má fi ọ̀kan kún un.”

Basilia nu ẹnu rẹ̀. Ó wo Glendy. Ó wo Dailin, tó ti gba abọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó ti kó orí bọ inú rẹ̀.

“Ṣé kí n sọ ọ́ bó ṣe rí?”

“Bó ṣe rí gan-an.”

“Nọ́ọ̀sì ní, ‘Ọmọ yìí fúyẹ́ jù. Kí ló dé tí ẹ kò fún un ní ẹ̀fọ́, nígbà tó jẹ́ ẹ̀fọ́ ló yí ilé yín ká?’ Ẹ̀yin ní, ‘Kì í jẹ ẹ́, àwa náà kì í jẹ ẹ́.’ Ó ní, ‘Ẹ má fipá bọ́ ọ. Ẹ jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀, á wá bá yín jẹ. Mo ń fi ọkọ̀ funfun kó ìyẹ̀fun bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.’ Gbogbo èèyàn ń wò yín. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín, ẹ kọ ojú sí wọn, ẹ ní, ‘Basilia, sọ fún un pé ọmọ tí kò bá jẹ ẹ̀fọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, kó kúkú gbé e sínú ọkọ̀ funfun ọ̀hún, kó máa gbé e lọ.’”